Ṣọ́ọ̀ṣì wà lábúlé, àwòrán rẹ̀ wà ní Barcelona: ohun tó wà nídìí ìjà ògiri ní Sípéènì

Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Sípéènì dá ẹjọ́ kan tó ti ń fà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà lórí òkè Montjuïc ní Barcelona, èyí tí wọ́n ń pè ní MNAC, dá àwọn àwòrán kan padà sí ilé àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ní Sijena, abúlé kan ní ẹkùn Aragon. Ẹni tó bá gbọ́ "àwòrán" lè máa fọkàn ro férémù tó wà lára ìṣó, tí wọ́n á já, tí wọ́n á fi aṣọ wé, tí wọ́n á sì gbé sẹ́yìn ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ara ògiri ni wọ́n kùn ún sí ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn. Ògiri náà ṣì wà ní Sijena títí dòní. Awọ tí wọ́n bó lára rẹ̀ ló wà ní Barcelona.

Báwo ni wọ́n ṣe ń bó ògiri láwọ? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni fi máa ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Sijena kọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ká tó lè mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, ó yẹ ká kọ́kọ́ gba ọ̀nà òkè Pyrenees lọ sí abúlé míì tí ẹjọ́ yìí kò kàn rárá, ká wo ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan níbẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, àti bí ògiri rẹ̀ ṣe di ìhòòhò.

Ọjọ́ méjì, ṣọ́ọ̀ṣì méjì

Taüll lorúkọ abúlé náà. Àfonífojì Boí ló wà, ní àríwá Catalonia, ẹkùn tí Barcelona jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ibi tó fi nǹkan bíi mítà 1,500 ga ju ojú òkun lọ. Lónìí, àwọn tó ń wá yọ̀ lórí yìnyín ló ń kún ibẹ̀ nígbà òtútù. Láyé ìgbà tí à ń sọ yìí, ẹran ọ̀sìn àti oko díẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun.

Ṣọ́ọ̀ṣì Sant Climent dúró ní eteetí abúlé, nínú pápá. Ara òpó kan nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Látìn sí pẹ̀lú ọ̀dà, bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sẹ́yìn Bíbélì. Ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún 1123 ni Raimundus, bíṣọ́ọ̀bù Barbastro, wá, tó ya ṣọ́ọ̀ṣì yìí sí mímọ́ ní orúkọ Clement Mímọ́ ajẹ́rìíkú, tó sì fi nǹkan tó kù lára Cornelius Mímọ́ sínú pẹpẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì abúlé tó ti tó 900 ọdún, tí a sì mọ ọjọ́ rẹ̀ gan-an, kò wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yúróòpù, àfojúdá ni ọjọ́ orí wọn, àwọn onímọ̀ á wo òkúta, wọ́n á ní "ó máa tó ìgbà báyìí."

Lọ́jọ́ kejì, bíṣọ́ọ̀bù kan náà gòkè díẹ̀ sí àárín abúlé, ó ya ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria náà sí mímọ́. Abúlé kékeré kan, ṣọ́ọ̀ṣì méjì, láàárín ọjọ́ méjì, nínú òtútù oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá mọ bí ilé ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣe máa ń wà lórí ìpìlẹ̀ fún ogún ọdún nílùú wa, tí àwọn ẹgbẹ́ á máa ṣe ìkórè lọ́dọọdún kí wọ́n lè rí owó páànù, á béèrè pé: níbo ni owó ti wá?

Ogun ni. Àwọn ìjòyè ìdílé Erill, tó ni agbègbè náà, bá Ọba Alfonso Kìíní ti Aragon jagun lọ sí gúúsù, níbi tí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣàkóso. Ní ọdún 1118 ni ọba yìí gba ìlú Zaragoza. Àwọn tó bá a lọ kò sì bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ìkógun ọ̀hún wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ òkúta le òkúta ní àfonífojì Boí, kì í ṣe ní Taüll nìkan: ní Boí, ní Erill la Vall, ní Barruera, ní Durro, ní Cardet, ní Cóll. Mẹ́sàn-án nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2000.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ

Àwọn kọ́lékọ́lé tó mọ irú iṣẹ́ yìí, àṣà Lombardy ní àríwá Ítálì ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Òkúta kéékèèké ni wọ́n fi kọ́lé, èyí tí wọ́n fi òòlù gé níwọ̀nba, tí wọ́n sì fi ẹfun òkúta sísun pọ̀ mọ́ yanrìn lẹ̀ mọ́ra. Kò sí pé wọ́n ń dán an bíi mábù. Bí ojú rẹ̀ bá ti tẹ́jú, ó ti tó.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì pín sí ọ̀nà mẹ́ta tó gùn láti ẹnu ọ̀nà dé pẹpẹ, àwọn òpó roboto ló dá wọn sí. Òpó wọ̀nyí kì í ṣe òkúta ẹyọ kan. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò yípo, bí ẹni ń to ebè iṣu, títí tó fi ga. Orí òpó kan sí èkejì, ògiri tẹ̀ bí òṣùmàrè. Igi ni wọ́n fi ṣe òrùlé, wọ́n sì fi òkúta dúdú pẹlẹbẹ bò ó lókè, nítorí ìyẹn ló wà nílẹ̀ lórí òkè níbẹ̀, tí yìnyín sì ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò sí ohun kan nínú ilé yìí tí wọ́n ní láti lọ rà ní ọ̀nà jíjìn: ohun tó wà nítòsí náà ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Fèrèsé kéré, ó sì tóóró. Òtútù ló fà á lápá kan. Ògiri tó nípọn bẹ́ẹ̀ náà kò fẹ́ ihò púpọ̀.

Apá ìlà oòrùn ni wọ́n kọ orí ṣọ́ọ̀ṣì sí. Níbẹ̀ ni ìparí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yọ bí ikùn aboyún síta, roboto mẹ́ta, èyí tó wà láàárín ló tóbi jù. Lóde, wọ́n fi ọ̀wọ́ kéékèèké bí òṣùmàrè ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ lábẹ́ òrùlé, wọ́n sì to òkúta kan bí eyín ayùn. Bí ẹ bá dúró síta ní òwúrọ̀ tí oòrùn bá kọlù ú láti ẹ̀gbẹ́, òjìji eyín ayùn yẹn ni ẹ máa kọ́kọ́ rí, kí ẹ tó rí nǹkan míì.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ilé agogo wà, onígun mẹ́rin, tó ga fíofío. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dí gbọnyin, lókè ibẹ̀ ni àjà mẹ́fà gun ara wọn lé, tí wọ́n sì fi fèrèsé lu ògiri wọn; òpó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi pín àwọn fèrèsé náà sí méjì tàbí mẹ́ta. Fèrèsé dín ẹrù òkúta kù lókè, ó sì jẹ́ kí ohùn agogo jáde. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn ilé agogo àfonífojì yìí ń rí ara wọn, pé agogo ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ láti abúlé dé abúlé. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí àwọn onílù ṣe ń ránṣẹ́ kò ní jiyàn.

Ojú tó wà nínú igbá

Ohun tó sọ Sant Climent di orúkọ kò sí lóde. Ẹ̀yìn pẹpẹ ló wà, nínú roboto tó wà láàárín. Òkè ibẹ̀ tẹ̀ wọ inú bí inú igbá tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n sì gbé ti ògiri. Inú igbá yẹn ni ayàwòrán kan, tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ dòní, ya Kristi sí.

Wọ́n rẹ́ ògiri tuntun. Kí ó tó gbẹ, wọ́n ti fi ọ̀dà kọ ìlà àkọ́kọ́ sórí rẹ̀, kí ó lè mu ún wọnú. Búlúù tó wà nínú àwòrán náà, òkúta kan tí wọ́n ń pè ní aerinite ni wọ́n lọ̀, ó wà lórí òkè Pyrenees fúnra rẹ̀. Kristi jókòó, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó gbé ìwé ṣíṣí ka orúnkún òsì. Ọ̀rọ̀ Látìn mẹ́rin ló wà nínú ìwé náà: EGO SUM LUX MUNDI. Èmi ni ìmọ́lẹ̀ ayé. Darandaran tó dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún 1123 kò lè kà á. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹsẹ̀ Kristi yìí, wọ́n lu fèrèsé kékeré kan sí ògiri, ìlà oòrùn ló kọjú sí. Bí wọ́n bá ń ṣe Míísà òwúrọ̀, ìmọ́lẹ̀ gba ibẹ̀ wọlé. Ta ló tún kù tí kò ní mọ ohun tí wọ́n kọ?

Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé àwòrán yìí kì í ṣe àwòrán lásán. Ilé náà wà lára rẹ̀. Nítorí pé ògiri tẹ̀, orí Kristi ń tẹ̀ síwájú bọ̀ wá bá ẹni tó dúró nísàlẹ̀, bí àgbà tó tẹ̀ síwájú lórí àga láti gbọ́ ohun tí ọmọdé ń sọ. Ojú rẹ̀ gùn, irùngbọ̀n rẹ̀ pín sí ìlà-ìlà, kò sí èyí tó jọ ojú èèyàn tí èèyàn máa ń pàdé lójú ọ̀nà. Mo mọ àwọn tó ní ó burú lójú. Lójú tèmi, ayàwòrán náà mọ ohun tó ń ṣe.

Nísàlẹ̀, àwọn ẹni mímọ́ tò. Màríà wà lára wọn, ó gbé àwo kan dání tí ìtànṣán ń jáde láti inú rẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa: kò fi ọwọ́ lásán kan àwo náà, aṣọ ló fi bo ọwọ́ kó tó gbé e. Kò sí Yorùbá tí wọ́n máa ṣàlàyé ìyẹn fún. Ní apá ibòmíì, wọ́n ya Lásárù tálákà inú Lúùkù orí kẹrìndínlógún, ó sùn sẹ́nu ọ̀nà olówó, ajá kan ń lá egbò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ajá yẹn rù, ó na ahọ́n, ó sì fi gbogbo ọkàn ṣe é. Mo rò pé òun nìkan ni ayàwòrán náà yà láti ara ohun tó rí lábúlé. Lókè, ọwọ́ Ọlọ́run yọ láti inú róbótó kan, kò sí apá, kò sí ara, ọwọ́ nìkan. Ọ̀dọ́ Àgùntàn olójú méje inú Ìfihàn náà wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ayé yí padà. Ohun tó gbajúmọ̀ yí, wọ́n gbé pẹpẹ onígi gíga tuntun ka iwájú àwòrán àtijọ́, apá kan rẹ̀ sì sá sẹ́yìn igi. Ní àwọn ìlú ńlá, àwọn olówó wó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ palẹ̀ wọ́n sì kọ́ tuntun. Àfonífojì Boí kò lówó tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Òṣì ló bá wọn tọ́jú ilé náà.

Bí ògiri ṣe di ẹrù ìbaaka

Ní ọdún 1907, àwọn ọ̀mọ̀wé láti Barcelona, tí Josep Puig i Cadafalch ayàwòrán-ilé wà lára wọn, rìnrìn àjò lọ sí àwọn òkè yìí láti lọ wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kọ ìwé, wọ́n mú ayàwòrán lọ da àwọn àwòrán kọ. Inú wọn dùn. Àwọn ará Catalonia ń wá ohun tó lè fi hàn pé àwọn ní ìtàn tiwọn, ìyàtọ̀ sí ti Madrid, wọ́n sì rí i lórí ògiri àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnì kankan kì í bẹ̀ wò.

Àmọ́ bí ọ̀mọ̀wé bá ti kọ̀wé nípa nǹkan, oníṣòwò náà á kà á. Nígbà tó máa fi di ọdún 1919, ìròyìn dé Barcelona pé àwọn kan ti ra àwòrán ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria ní Mur, pé wọ́n ti ń bó o. Lluís Plandiura, ọmọ Catalonia tó ń kó nǹkan iṣẹ́ ọnà jọ, wà nídìí ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1921, àwòrán náà ti bá ara rẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà ìlú náà. Ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè kan ní Catalonia, ojú Kristi rẹ̀ ń wo àwọn ará Boston.

Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Barcelona kò ní òfin tó lágbára tí wọ́n fi lè dá òwò náà dúró. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n sá ṣáájú àwọn oníṣòwò. Wọ́n bá àwọn alákòóso ìjọ dúnàá-dúrà, wọ́n sanwó, wọ́n sì gba àwọn ọmọ Ítálì kan náà tó mọ iṣẹ́ bíbó ògiri, tí Franco Steffanoni jẹ́ ọ̀gá wọn. Láàárín 1919 sí 1923, wọ́n ń ti abúlé dé abúlé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á sè gọ́ọ̀mù láti ara egungun àti awọ ẹran, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ní gbígbóná sójú àwòrán, wọ́n á sì na aṣọ lé e. Nígbà tí gọ́ọ̀mù bá gbẹ, ó máa ń fún, ó máa ń fa ohun tó dì mú mọ́ra. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ láti etí kan, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ rọra ṣí i, wọ́n á máa fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ òkè á tẹ̀ lé aṣọ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí eèpo àlùbọ́sà. Òkúta àti ẹfun á kù sára ògiri. Wọ́n á ká aṣọ náà bí ẹní, wọ́n á di í mọ́ ẹ̀yìn ìbaaka, ó di ọ̀nà ìsàlẹ̀, ó di ọkọ̀ ojú irin, ó di Barcelona. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti lẹ aṣọ tuntun mọ́ ẹ̀yìn ọ̀dà, wọ́n á fi omi gbígbóná yọ́ gọ́ọ̀mù iwájú, ojú àwòrán á tún jáde. Káfíńtà á kan igi tó tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbá inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì na awọ ògiri lé e.

Ní ọdún 1924 ni wọ́n ṣí wọn fún aráyé ní Barcelona; láti 1934 ni wọ́n ti wà nínú ààfin tó wà lórí Montjuïc. Àlejò lè lọ yí ẹ̀yìn wọn níbẹ̀ wò, kó rí igi tó ń gbé Kristi ró, bí ẹ̀yìn pátákó ìpolówó. Mi ò mọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé púpọ̀ tó jẹ́ olóòótọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ère náà kò yè bọ́ nínú ìpínkiri yìí. Ní Erill la Vall, ère onígi méje ló ń ṣe ìtàn bí wọ́n ṣe sọ Jésù kalẹ̀ látorí àgbélébùú. Màríà àti Jòhánù wà ní Barcelona báyìí. Jésù, Jósẹ́fù ará Arimatíà, Nikodémù àti olè méjèèjì wà ní ìlú Vic. Ìyá ń sunkún ní ìlú kan, òkú ọmọ rẹ̀ wà ní ìlú kejì.

Sijena yàtọ̀

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ilé ẹjọ́. Ilé àwọn sísítà ní Sijena kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì darandaran. Olorì Sancha, aya Ọba Alfonso Kejì ti Aragon, ló dá a sílẹ̀ ní 1188 fún àwọn obìnrin ìdílé ọlọ́lá, lábẹ́ ẹgbẹ́ Jòhánù Mímọ́ ti Jerúsálẹ́mù. Ní nǹkan bí ọdún 1200 ni wọ́n ya àwòrán sí gbọ̀ngàn ìpàdé àwọn sísítà náà, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ọwọ́ tó yà wọ́n tan mọ́ ti àwọn tó ṣe ọ̀ṣọ́ sínú Bíbélì ńlá ìlú Winchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lókè, òrùlé igi ni, tí wọ́n gbẹ́ lọ́nà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Mùsùlùmí.

Ní 1936, nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Sípéènì, wọ́n dáná sun ibẹ̀. Òrùlé jó tán. Ooru iná náà yí àwọ̀ àwòrán padà, búlúù àti àwọn àwọ̀ títàn di eérú. Lóṣù díẹ̀ sí i, Josep Gudiol àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ dé, wọ́n bó ohun tó kù lára ògiri pẹ̀lú gọ́ọ̀mù àti aṣọ, bíi ti Taüll, wọ́n sì kó o lọ sí Barcelona. Láìsí wọn ni, òjò ì bá ti parí iṣẹ́ tí iná bẹ̀rẹ̀. Aragon gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ jiyàn ìyẹn.

Ohun tí wọ́n ń jà lé ni pé ẹni tó gbé ọmọ jáde nínú iná kò tíì di bàbá ọmọ. Ní Taüll, wọ́n dúnàá-dúrà, wọ́n sanwó, ìjọ fọwọ́ sí i. Ní Sijena, inú ogun ni wọ́n kó o, kò sí ẹni tó tà, kò sí ẹni tó rà. Ilé ẹjọ́ ní Huesca ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 2016, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tún un sọ ní 2020, èyí tó ga jù lọ fòǹtẹ̀ lù ú ní 2025: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò ní ìwé kankan tó sọ ọ́ di oní-nǹkan, ìpamọ́ lásán ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣáájú èyí, ẹjọ́ míì ti wà lórí àwọn ẹrù Sijena mìíràn, àwọn pósí, ère àti pẹpẹ. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2017, ọlọ́pàá ló tẹ̀ lé àwọn tó wá kó 44 nínú wọn kúrò ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Lleida, nígbà tí ọ̀rọ̀ òmìnira Catalonia ń gbóná lọ́wọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn olóṣèlú ń pariwo lórí ògiri yìí, ẹ mọ̀ pé ògiri nìkan kọ́ ni.

Èsì tí MNAC fọ̀ ni pé àwọn gbà pé ilé ẹjọ́ ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ àwọn kò mọ bí wọ́n ṣe lè ṣí àwòrán tí iná ti jó, tí wọ́n ti bó, tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ nǹkan míì, kí wọ́n sì tún gbé e rìn, láìjẹ́ pé ó bàjẹ́. Aragon ní àwọn ti tún gbọ̀ngàn náà ṣe, pé ó ti ṣe tán láti gbà á.

Àwa náà kò ṣàjèjì sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Netherlands dá iṣẹ́ ọnà Ìbíní 119 padà fún Nàìjíríà ní 2025, kò sẹ́ni tó jiyàn pé ogun 1897 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi kó wọn. Ẹni tó máa gbà á ni ìbéèrè, ìjọba àpapọ̀ sì ti kéde ní 2023 pé Ọba Ìbíní ló ni wọ́n. Ṣùgbọ́n idẹ ṣeé gbé kalẹ̀ níbikíbi, á ṣì máa jẹ́ idẹ. Àwòrán Sijena kò rí bẹ́ẹ̀. Òrùlé igi tó wà lókè rẹ̀ ti jóná, àwọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́, ara tó wọ̀ nísinsìnyí sì jẹ́ aṣọ àti igi ti Barcelona. Ní tèmi, ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ náà bó ṣe yẹ. Ohun tó ń rú mi lójú ni bí àwọn kan ṣe ń sọ pé àwòrán ń "padà sílé," bí ẹni pé ilé náà ṣì wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Mi ò sì fẹ́ràn bí ọ̀rọ̀ pé "kò ní lè rìn" ṣe di ohun tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rọ̀ mọ́ ṣinṣin nígbà tí gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù ti já. Ẹni tó ni nǹkan ló yẹ kó pinnu bóyá kó rìn tàbí kó dúró. Ó sì lè ní kó dúró.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì tí iná bá kú

Ní Taüll, nǹkan míì ni wọ́n ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àdàkọ àwòrán Kristi ló wà nínú Sant Climent, èyí tí wọ́n yà ní nǹkan bí 1960 kí àwọn àlejò má bàa bá ògiri lásán. Ní 2013 wọ́n yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn àdàkọ yìí, wọ́n bá díẹ̀ lára iṣẹ́ àtijọ́ tí gọ́ọ̀mù àwọn Ítálì kò fà tán, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn.

Báyìí, bí àlejò bá wọlé, wọ́n á pa iná. Inú ṣọ́ọ̀ṣì á ṣókùnkùn, òkúta á máa rọ tútù. Ẹ̀rọ kan á wá tan ìmọ́lẹ̀ sí inú igbá ẹ̀yìn pẹpẹ. Ìlà àkọ́kọ́ á yọ, bí ìgbà tí ayàwòrán kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹfun tútù. Pupa á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù òkúta Pyrenees, títí gbogbo rẹ̀ á fi pé: ìwé ṣíṣí, Màríà pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, ajá tó ń lá egbò. Nítorí pé ògiri gidi ni ìmọ́lẹ̀ náà ń bà, orí Kristi tún tẹ̀ síwájú bó ṣe yẹ. Ó tún wà lókè fèrèsé rẹ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀rọ á dákẹ́, wọ́n á tan iná padà. Ògiri á funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀, àfi níhìn-ín lọ́hùn-ún, níbi tí àbàwọ́n ọ̀dà díẹ̀ láti ọdún 1123 ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.